Ẹ̀dà Mẹ́ta, Ibi Méjì: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àwòrán Kí Ó Má Baà Run

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí. Wọ́n jókòó, wọn ò tètè sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ṣé fọ́tò ìsìnkú bàbá wọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?" Fóònù wọn ti bọ́ sómi. Àwo CD tí mo fún wọn lọ́jọ́ tí mo jíṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlé sí. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà." Mo fa háàdì dísìkì jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo fi wáyà kàn án mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Kò ṣí. Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Irinwó ó lé díẹ̀ ni àwòrán tó wà nínú iṣẹ́ náà. Mẹ́rìndínlógún péré ni mo rí kó fún wọn, àwọn tí mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn lórí WhatsApp nígbà náà. Bí a bá sì ti fẹ̀ wọ́n díẹ̀ báyìí, ojú wọn á ṣú. Màmá ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo tọ́jú àwòrán náà lóòótọ́, ojú kan ṣoṣo ni mo tọ́jú wọn sí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní 3-2-1. Peter Krogh, oníṣẹ́ fọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ó tàn kálẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan nínú ẹ̀dà náà má sí nínú ilé yín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe lè tẹ̀lé e níbi tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀, tí détà sì wọ́n, ni mo fẹ́ sọ. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ oníṣẹ́ fọ́tò. Ẹni tó ní fóònù kan àti ọmọ mẹ́ta ti ní àwòrán tó pọ̀ tó láti sunkún lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá gbogbo ibi tí wọ́n wà

Ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ kọ ibi gbogbo tí àwòrán yín lè wà sílẹ̀: fóònù tó wà lọ́wọ́, fóònù àtijọ́ tó wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí, mẹ́mórì káàdì inú báàgì kámẹ́rà, láptọ́ọ̀pù, àwo CD, ímeèlì, Facebook, fóònù ọmọ yín tó wà ní Èkó. Ẹ má kánjú níbí. Nígbà tí mo ṣe tèmi, mo rò pé ibi mẹ́ta ni. Mọ́kànlá ló já sí.

Lórí fóònù Android, àwòrán tí ẹ fi kámẹ́rà fóònù yà máa ń wà nínú fódà kan tó ń jẹ́ DCIM. Èyí tí WhatsApp gbà wọlé wà lọ́tọ̀, nínú fódà tirẹ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀, torí WhatsApp máa ń fún àwòrán mọ́ra kó lè tètè rìn, ó sì máa ń yọ àkọsílẹ̀ ọjọ́, àkókò àti ibi tí wọ́n ti yà á kúrò lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ àbúrò yín ló ya àwòrán ìkómọjáde ọmọ yín, ògidì rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù àbúrò. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín, òjìji rẹ̀ ni. Ẹ ní kó tún un fi ránṣẹ́ lábẹ́ "Document" dípò "Photo", tàbí kó kúkú gbé fóònù wá sílé. Bọ́tìnnì HD tí WhatsApp mú jáde ní 2023 sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fún un.

Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹ má tíì jù ú nù. Bó bá ṣì ń gba iná, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lè bá yín so ojú mìíràn mọ́ ọn fún ìwọ̀n àkókò tí ẹ máa fi kó ohun inú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í títí tí yóò fi parí. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá ṣírò bí ó ṣe pọ̀ tó. Àwòrán fóònù kan sábà máa ń tó 3 sí 5 MB. Ká fi 5 ṣe é: ẹgbẹ̀rún kan jẹ́ 5 GB, háàdì dísìkì 1 TB (ẹgbẹ̀rún GB) á sì gba nǹkan bí 200,000. Fídíò ló ń jẹ àyè. Ìṣẹ́jú kan rẹ̀ lè gba àyè ju ogún àwòrán lọ. Ẹ̀yin tó ń fi kámẹ́rà ńlá ṣiṣẹ́, tí fáìlì yín ń parí sí NEF tàbí CR3 tàbí ARW, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo lè tó 25 sí 50 MB. Ẹ ra èyí tó fi ìlọ́po méjì ju ohun tí ẹ ní báyìí lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí ni ká rà?

Háàdì dísìkì méjì. Bó bá jẹ́ 2 TB kan lẹ ní lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ ra 1 TB méjì. Ẹ má sì ra méjèèjì lójú kan náà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ nílé iṣẹ́ kan, bí àbùkù bá wà lára ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó wà lára èkejì náà.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé SSD, irú tí kò ní àwo tó ń yí nínú, ńkọ́, àbí òun kọ́ ló dé kẹ́yìn? SSD yára, jíjábọ́ kì í sì í tètè pa á bíi háàdì dísìkì aláwo, èyí tí àwo rẹ̀ ń yí nínú. Ṣùgbọ́n agbára iná tó há sínú rẹ̀ ni SSD fi ń rántí ohun tí a kọ sí i. Bí ẹ bá gbé e jù sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfún un níná, ìrántí náà lè máa jò díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fláàṣì àti mẹ́mórì káàdì. Torí náà SSD ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́, aláwo ni mo fi ń pamọ́. Ìyẹn náà ti di irú ohun èlò méjì tí òfin ń wí.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Fláàṣì tí wọ́n kọ "2 TB" sí lára, tí owó rẹ̀ kò ju ti ìrẹsì àti ẹran àwo méjì lọ, kò sí 2 TB kankan nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ 16 GB ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ ọ láti purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Yóò máa gba àwòrán yín tẹ̀ríntẹ̀rín títí 16 yóò fi kún, lẹ́yìn náà yóò máa da ìyókù sínú afẹ́fẹ́ tàbí kó máa kọ ti tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Kò ní í ké. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí àwòrán náà lẹ tó mọ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún Windows tó ń jẹ́ H2testw. F3 ni ti Mac àti Linux. Ẹ lò ó nígbà tí ohun tí ẹ rà ṣì ṣófo: á kọ nǹkan kún inú rẹ̀ bámúbámú, á sì kà á padà bóyá ó pé. Ó lè gbà á ní gbogbo òru, ẹ jẹ́ kó gbà á. Mo máa ń sọ fún ẹni tó tà á fún mi kí n tó sanwó pé mo máa dán an wò nílé, mo sì ti rí i tí ojú ẹnì kan yí padà, tó ní kí n dúró kóun lọ mú òmíràn wá láti ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dà á kọ kí ẹ tó tò ó

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ kọ́kọ́ to àwòrán òun dáadáa, kí òun yọ èyí tí kò dára, kí òun tó fi pamọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ṣì ń tò, olè ti gbé láptọ́ọ̀pù. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí háàdì dísìkì kan bó ṣe rí wúruwùru, ẹ sọ fódà náà ní "ODIDI", kí ẹ sì kọ ọjọ́ òní tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi ìfọ̀kànbalẹ̀ tò ó fún ọdún kan bó bá wù yín.

Bí ẹ bá ń dà á kọ, "Copy" ni kí ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ "Cut" láéláé. Bí iná bá lọ láàárín Copy, ohun tó wà níbi tó ti ń bọ̀ kò yẹ̀. Bó bá lọ láàárín Cut, ẹ lè bá àwọn kan nínú fáìlì yín lójú ọ̀nà, tí wọn ò sí nílé, tí wọn ò sì dé oko. Ẹ rí i pé bátìrì láptọ́ọ̀pù kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì kó wá UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, ì báà ṣe kékeré. Ẹ gbé háàdì dísìkì lé ibi tó tẹ́jú, kì í ṣe orí ìrọ̀rí tàbí orí itan, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ wáyà rẹ̀. Tó bá parí, ẹ tẹ "Eject" kí ẹ tó yọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ kì í tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́.

Àrékérekè kan wà tó yẹ kí ẹ̀yin oníkámẹ́rà mọ̀. Kámẹ́rà ń ka àwòrán láti 0001 dé 9999, lẹ́yìn náà ó tún padà sí 0001. Torí náà DSC_0412 ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti DSC_0412 ti àná lè jẹ́ àwòrán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá kó wọn sínú fódà kan, kọ̀ǹpútà á bi yín bóyá kó fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ìka tó yára tẹ "Replace" ti ba ayẹyẹ ẹlòmíràn jẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, fódà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: orúkọ fódà

Ọdún ni kó ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí àpẹẹrẹ: 2024-11-23_Igbeyawo_Ede. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á tò wọ́n láti àtijọ́ dé tuntun. Bí ẹ bá fi ọjọ́ ṣáájú, gbogbo ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù gbogbo á kóra jọ sójú kan bí ìbátan, wọn ò sì mọ ara wọn rí.

Ẹ ó rí i pé mi ò fi àmì ohùn sórí "Igbeyawo", mi ò sì fi àmì sábẹ́ ẹ inú "Ede". Ó dùn mí láti sọ ọ́, èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jà lórí àmì, ṣùgbọ́n nínú orúkọ fáìlì, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ láti kọ "ọ̀" tàbí "ẹ́": ó lè kọ lẹ́tà, kó kọ àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, kó tún kọ àmì òkè, tàbí kó so lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ pọ̀ ní ẹyọ kan kó tó fi àmì òkè sí i. Lójú wa, ọ̀kan ni. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. Nígbà tí ẹ bá gbé fódà láti Mac lọ sórí Windows, tàbí tí ẹ bá ń wá a láti orí fóònù, ẹ lè tẹ "Ọ̀ṣun" kó ní òun ò rí nǹkan kan, tí "Ọ̀ṣun" sì wà níwájú yín gbangba. Ẹ kọ "Osun" sórí fódà, kí ẹ fi Yorùbá olóhùn tó pé pérépéré sínú àlàyé àwòrán. A máa débẹ̀.

Iṣẹ́ tó bá ní ìpele púpọ̀, ẹ pín in. Ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ ni mo fi kọ́ èyí. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń ju gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan tí mo pè ní "Osun". Nígbà tí ẹnì kan wá béèrè àwòrán alẹ́ tí wọ́n tan Iná Olójúmẹ́rìndínlógún, odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá a láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ní báyìí fódà ọdún kọ̀ọ̀kan ní ọmọ nínú: Iwopopo, Ina-Olojumerindinlogun, Iboriade, Arugba. Láti ìgbà tí UNESCO ti fi Igbó Ọ̀ṣun sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ojú tó ń wo ọdún náà kò mọ sí ojú ará ilé mọ́; akẹ́kọ̀ọ́ lè wá láti ibikíbi pé òun ń wá bí ojúbọ kan ṣe rí kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tó bá lè fi ọwọ́ kàn án láàárín ìṣẹ́jú kan ni àwòrán wúlò fún.

Ẹ yẹ aago kámẹ́rà wò pẹ̀lú. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú pátápátá fún ìgbà pípẹ́, ọjọ́ inú rẹ̀ lè padà sẹ́yìn, gbogbo ayẹyẹ yín á wá máa jẹ́ ti oṣù kìíní ọdún kan tí wọn ò tíì ṣe kámẹ́rà náà. Kí ẹ tó ṣí ilé jáde, ẹ wò ó.

Ní ti pípa èyí tí kò dára rẹ́, èrò tèmi ni pé ká pa èyí tó ṣú, èyí tó jẹ́ ilẹ̀ nìkan la yà, àti gbogbo àwòrán òdòdó "Ẹ káàárọ̀, Olúwa á ṣe é" tí ẹgbẹ́ WhatsApp ń kó bá wa. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ẹnì kan di ojú nínú ẹ̀, ẹ má pa á. Ó lè jẹ́ òun nìkan ló kù nípa ẹni náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ ẹ̀dà náà wò

Àgbàtán là ń gba ọ̀lẹ. Bí a bá dá aṣọ fún un, à pa á láró. Àwa tí à ń gbé ní ìlú aró, a mọ ohun tí òwe yìí ń wí. Ẹni tó da àwòrán kọ tí kò yẹ̀ ẹ́ wò dá aṣọ, kò tíì pa á láró.

Ọ̀nà tó yá jù: ẹ tẹ fódà ibi tó ti bọ̀ ní ọ̀tún, ẹ yan "Properties", ẹ ka iye fáìlì àti iye ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún fódà ibi tó lọ. Kí nọ́ńbà méjèèjì bára mu géérégé. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí àwòrán bíi mẹ́wàá, ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín, ní ìparí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣí tán. Àwòrán tó ti bàjẹ́ lè fi orí hàn yín kó jẹ́ pé láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, eérú ni.

Ọ̀nà tó dájú jù: FreeFileSync, ètò ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, Mac àti Linux. Ẹ fi ibi méjèèjì hàn án, ẹ yan pé kó fi ohun inú fáìlì wéra, kì í ṣe ọjọ́ àti ìwọ̀n nìkan. Á ka gbogbo rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, á sì fi èyí tó yàtọ̀ hàn. Ó ń pẹ́. Èmi máa ń fi í sílẹ̀ lálẹ́ tí iná bá dúró. Ohun kan ṣoṣo: bó bá ti fi ìyàtọ̀ hàn, ẹ má yára tẹ bọ́tìnnì tó ní kó mú wọn dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì, kó má baà jẹ́ pé èyí tó bàjẹ́ lẹ máa dà lé èyí tó dára lórí.

Títí ẹ ó fi ṣe èyí tán, ẹ má fọ́máàtì mẹ́mórì káàdì, ìyẹn ni pé ẹ má nu ohun inú rẹ̀ kúrò. Láti ìgbà ìsìnkú yẹn, mo ní báàgì kékeré méjì: aláwọ̀ ewé fún káàdì tó ṣófo, pupa fún èyí tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀dà rẹ̀ kò tíì pé méjì. Ohunkóhun kì í jáde nínú pupa bí mo ṣe ń kánjú tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èyí tó máa kúrò nílé

Ẹ̀dà méjì tó wà nínú yàrá kan, ẹ̀dà kan ni lójú iná, lójú omi àti lójú olè. Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí háàdì dísìkì kejì náà, kí ẹ sì gbé ọ̀kan lọ. Tèmi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkìrun. Mo fi nylon wé e, mo ju àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin sí i, èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, torí òjò ilẹ̀ wa kì í ṣeré. Lẹ́yìn náà mo fi ike onídèérí dé e mọ́ eruku ọyẹ́. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó má gbé e lé orí spíkà, kó má sì gbé e sí ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Nígbàkígbà tí mo bá ń lọ kí wọn, mo máa ń gbé èyí tó wà nílé lọ, mo sì ń gbé tiwọn bọ̀ wá kún. Bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì ń pààrọ̀ ipò.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ ibi tí kì í ṣe ilé. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Google Photos tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ kò ní ìwọ̀n nígbà kan; láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2021 ni gbogbo àwòrán tuntun ti ń wọ inú 15 GB ọ̀fẹ́, tí ímeèlì àti Drive yín sì ń pín nínú rẹ̀. iCloud ti iPhone, 5 GB ni. Nínú Google Photos, ẹ wò ó bóyá "Original quality" lẹ yàn. "Storage saver" máa ń fún àwòrán.

Gbígbé e lọ ń gba sùúrù. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé 2 megabit lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 40 GB á gbà tó wákàtí mẹ́rìnlélógójì. Détà òru ni kí ẹ fi ṣe é, díẹ̀díẹ̀ lóru. Bí détà kò bá tó, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ yan igba tí ẹ ò lè fara mọ́ kó run: ọjọ́ ìgbéyàwó, àwọn òbí, ìkómọjáde. Igba àwòrán 5 MB jẹ́ 1 GB péré.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi fẹ́ àyè lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, ṣebí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí Google, ó bá pa wọ́n rẹ́ nínú Google Photos lórí fóònù. Ó pa wọ́n rẹ́ níbi méjèèjì. Ohun tí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì jọ ń ṣe kì í ṣe ìpamọ́, àjọrìn ni: ohun tí ọ̀kan bá sọ nù, èkejì náà á sọ ọ́ nù. Oríire rẹ̀ ni pé ó tètè wá. Inú "Trash" ni wọ́n ṣì wà, ọgọ́ta ọjọ́ sì ni Google fi ń dá èyí tó ti gbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àyè lẹ fẹ́, "Free up space" ni kí ẹ tẹ̀.

Àkántì Google tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ fún ọdún méjì, wọ́n lè pa á rẹ́ tòun tàwòrán. Ní oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wọ̀ ọ́. Kí nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ ṣì ń lò. Láìnì tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́, wọ́n máa ń gbà á, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn, nígbà náà kóòdù tí ẹ ń retí á máa lọ bá àjèjì.

Ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù sórí bébà, kí ẹ fi í sínú Bíbélì tàbí Kùránì ilé, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ta ni wọ́n?

Ẹ̀dà tó pé mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó mọ ojú inú ẹ̀, àwọn àlejò lẹ kó pamọ́. Ètò bíi digiKam, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní àyè tí ẹ lè kọ àlàyé sí tí yóò wọ inú fáìlì àwòrán JPEG fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ibi tí àwòrán bá lọ, àlàyé ń bá a lọ. Níbí ni kí ẹ ti fi àmì ohùn sí i tọkàntọkàn. Ẹ kọ orúkọ láti òsì sí ọ̀tún, ẹ kọ agboolé, ẹ kọ oríkì àbísọ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, torí Adébáyọ̀ mẹ́rin lè wà nínú ẹbí kan, ṣùgbọ́n Àkànní tó jẹ́ ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣun, ọ̀kan ni.

Ohun tí mo ń ṣe pẹ̀lú àwọn àgbà ni pé mo gbé láptọ́ọ̀pù síwájú wọn lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn oúnjẹ, mo tẹ ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, mo wá ń ṣí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màmá, ta nìyí?" Wọ́n á dá mi lóhùn, wọ́n á sì tún sọ ohun tí mi ò béèrè: ẹni tí ó jẹ ẹni lówó, ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo bá délé ni mo ń kọ èyí tó ṣeé kọ. Ẹ má dúró dìgbà tí ojú wọn á ti máa ṣú.

Ìgbà wo la máa ń ṣe é?

Oníṣẹ́ kó ṣe é lálẹ́ ọjọ́ tó ti òde dé, kó tó sùn. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun àti láàárín Kérésì sí ọdún tuntun, mo máa ń fún gbogbo háàdì dísìkì níná, mo ń ṣí àwòrán díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọjọ́ náà sórí bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èyí tó bá ti pé ọdún márùn-ún, mo ń ra òmíràn rọ́pò rẹ̀, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Bó bá ti bọ́

Bí ẹ bá ṣèèṣì pa àwòrán rẹ́ lórí mẹ́mórì káàdì, tàbí ẹ fọ́máàtì rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ya ẹyọ kan mọ́ sórí rẹ̀. Àwòrán náà ṣì lè wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ kúrò nínú ìwé. Tuntun tí ẹ bá yà ló máa jókòó lé e lórí. Ẹ yọ káàdì náà, ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà, ẹ lo PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni. Ojú rẹ̀ kò dùn ún wò, àmọ́ ó mọṣẹ́. Ohun tó bá rí gbà padà, orí kọ̀ǹpútà ni kó kó o sí, kò gbọ́dọ̀ kó o padà sórí káàdì kan náà. Orúkọ tẹ́lẹ̀ kò ní sí lára wọn mọ́, ẹ máa tún wọn tò.

Háàdì dísìkì tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan ti ṣẹ̀ nínú ẹ̀, ètò kankan kò lè tún un ṣe, bí ẹ sì ṣe ń fún un níná sí i ni ó lè máa ha àwo inú ara rẹ̀. Ẹ pa á. Ẹ má ṣí i nílé, ẹ má gbé e sínú fíríìjì bí àwọn kan ṣe ń wí. Àwọn tó ń ṣí irú rẹ̀ nínú yàrá tí kò ní eruku wà, owó wọn kì í sì í ṣe kékeré. Ti ìsìnkú yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi nylon wé e, mo kọ orúkọ bàbá náà sí i lára. Mo ń tọ́jú owó rẹ̀ lọ́wọ́.